Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Ní Ohùn Gìtá Van Halen

Ẹ̀yin ọ̀gá olùkọ́ gìtá,

Áńpìlífáyà ọmọkùnrin kan jóná níṣojú mi níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀kan nínú yín ṣe, inú mi ò sì tíì rọ̀ títí di òní. Olùkọ́ náà ló ní kí ó gbé iná rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, pé bẹ́ẹ̀ ni Eddie Van Halen, onígìtá ẹgbẹ́ Van Halen, ṣe rí ohùn tó wà nínú àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1978. Kò pẹ́ tí èéfín fi yọ. Ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tí olùkọ́ rí sọ ni pé áńpìlífáyà náà kì í ṣe ojúlówó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta gìtá, tí mo sì ń tún áńpìlífáyà ṣe. Mo yẹ ti ọmọ náà wò: kò sí ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n pa fún un ló bà á jẹ́.

Mo gbà pé kì í ṣe olùkọ́ náà ló dá ìtàn yẹn sílẹ̀. Eddie fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ń gbé iná dé fóòtì 140. Ṣùgbọ́n ó padà ṣàlàyé pé ńṣe lòun ń fi Variac, ẹ̀rọ tó ń yí ìwọ̀n iná padà, fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 90, ní Amẹ́ríkà tí iná wọn jẹ́ nǹkan bí 120. Áńpìlífáyà Marshall oníwọ́ọ̀tì 100 ló ń lò, ó sì fẹ́ yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin. Bí iná bá dín, ariwo á rọlẹ̀, ohùn híhá tó kún yẹn á sì wà síbẹ̀. Àlàyé yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kí ló dé tí ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ kò lè wádìí rẹ̀?

Lẹ́yìn náà, ẹ ó tún ní kí àwọn ọmọ ra pẹ́dàlì yìí, kí wọ́n ra tọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara gìtá alábùkù tí Eddie rà ní dọ́là 50 àti ọrùn tó rà ní 80 ló fi to gìtá rẹ̀. Ó yọ píkọ́ọ̀pù lára gìtá Gibson kan, ó rì í sínú àbẹ́là yíyọ́ kí ó má baà máa han gooro. Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Sunset Sound ní Hollywood, Donn Landee tó ń gba ohùn sílẹ̀ fi gìtá sí etí òsì, ó fi gbohùngbohùn rẹ̀ sí etí ọ̀tún. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn nínú pẹ́dàlì ń wá ohun tí kò sọnù síbẹ̀. Okùn gìtá inú àwo náà sì rẹlẹ̀ ní ìdajì ohùn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, olùkọ́ wa kò tilẹ̀ dẹ okùn kankan kó tó máa pariwo iná.

Irinṣẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, mi ò jiyàn. Láìsí Marshall, àwo náà kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onígìtá Ted Nugent ti ròyìn pé òun fi gìtá àti áńpìlífáyà Eddie ta orin rí, ohùn Ted Nugent náà ló sì jáde. Ọwọ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù. Ẹ kò sọ ìyẹn fáwọn ọmọ, bóyá nítorí pé ọwọ́ kò ṣeé tà lọ́jà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ṣe iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn. Ẹ bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ jókòó ti àwo náà, kí ó gbọ́ ọ yé, kó tó náwó. Ohun tí ẹ kò bá sì tíì dán wò lórí áńpìlífáyà tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán an wò lórí ti ọmọ ọlọ́mọ.