Aládùúgbò Tó Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Ò Kó Ilé Lọ

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2025 ni Niger, Málì àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Àwọn kan ń sọ pé, "Kí wọ́n máa lọ, ká ti bodè mọ́ wọn." Èmi ò gbà. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Niger nìkan ló bá wa pààlà, ìpínlẹ̀ méje wa ló sì fara kàn án, láti Kebbi títí dé Borno. Ẹni tó bá bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ àdúgbò ò kó ilé rẹ̀ lọ. Ẹ ṣì máa jọ rí ara yín láàárọ̀.

Ká ti bodè kọ́? A ti dán an wò. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, a ti bodè, a sì já iná mànàmáná tí à ń tà fún wọn. Ṣé àwọn ológun náà kúrò? Rárá o. Àwọn tó ń ta àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màlúù ní Jibia àti Illela ló jìyà ẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2024, àwa náà la tún bodè ṣí.

ECOWAS fún wọn ní oṣù mẹ́fà sí i nígbà náà, títí di ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2025, bóyá wọ́n á yí ọkàn padà. Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí Nàìjíríà ṣe.

Àkọ́kọ́, àwa àti Niger ti ní ìgbìmọ̀ àjọṣe tiwa láti ọdún 1971, Niamey ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ó ju ECOWAS lọ́jọ́ orí! Kí a tipasẹ̀ rẹ̀ kọ àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣì lè lo 90 ọjọ́ lọ́dọ̀ ara wọn láìgba físà, bí òfin ECOWAS ṣe wí.

Èkejì, kí wọ́n sọ owó ẹrù fún àwọn oníṣòwò lórí rédíò, ní èdè Hausa, kí wọ́n tó dé bodè. Ibi tí aráàlú ò bá ti mọ òfin ni àwọn tó ń gba rìbá ti ń jẹun.

Ẹ̀kẹta, kí a má lé ẹnikẹ́ni. Àwa Yorùbá mọ bó ṣe ń dunni. Lọ́dún 1969 tí Gánà lé àwọn àjèjì, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ sá wálé.

Ẹnì kan lè ní, "Tí wọ́n bá ń jẹ nínú ẹgbẹ́ tí wọn ò sí níbẹ̀, àwọn tó kù náà á jáde." Ṣùgbọ́n wọ́n máa pàdánù: wọn ò ní jókòó sípàdé mọ́, wọn ò sì ní bá wọn pinnu nǹkan kan mọ́. Ìyẹn tó.

Àwa náà ṣì nílò wọn. Odò Ọya gba ilẹ̀ wọn kọjá kó tó dé Kainji àti Jebba tí a ti ń fi í ṣe iná. Àwọn ọmọ ogun wa àti tiwọn ló sì ti jọ lé Boko Haram ní agbègbè adágún Chad rí. Kí ìjọba wa bá wọn sọ̀rọ̀ nísinsìnyí.