Ẹ Yé Gbé Agbábọ́ọ̀lù Gẹṣin Aáyán

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ bí yín nínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán. Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú Èkó ni mo ń bá wí, pàápàá ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, láti Boundary dé Tolu, láti Mobil Road dé Amùkòkò. Ìwà kan wà lọ́wọ́ wa tí kò dára rárá. Bí ìdíje ńlá bá ti ń sún mọ́lé, tí agbábọ́ọ̀lù wa kan sì wà ní fọ́ọ̀mù, a ó gbé e gẹṣin aáyán. A ó máa ka gólì rẹ̀ bí ẹni ń ka owó èésú. A ó ní òun ni yóò gba ife wálé. Ọjọ́ tó bá ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù kan síta báyìí, àwa kan náà ni a ó máa ṣépè fún ìyá tó bí i, ìyàwó tó fẹ́ àti ọmọ tó ń tọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́. Gbèsè la ń sìn. Bẹ́ẹ̀ agbábọ́ọ̀lù náà kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹ jẹ́ ká fi Odion Ighalo ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọmọ wa ni. Ọdún 1989 ni wọ́n bí i. Ajégúnlẹ̀ yìí ló dàgbà sí, orí pápá tí à ń pè ní Maracana ló sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ó gba ẹgbẹ́ Julius Berger kọjá, ó dé Norway ní 2007, ó lọ sí Ítálì àti Spéènì, kó tó wá bọ́ sí Watford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2014. Ní oṣù Kejìlá 2015, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ fún oṣù náà nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gólì 15 ló gbá wọlé nínú líìgì ní sáà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Nígbà tí ọdún 2016 wọlé, gólì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ẹsẹ̀ kan náà ni, pápá kan náà ni, ọkùnrin kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọ̀n ń sá fún un. Bí fọ́ọ̀mù ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ń dé bí òjò, ó sì ń dá bí òjò. Kò sí ẹni tó lè dì í mọ́ ìdí aṣọ kó sọ pé òun ti ní i.

Ẹ wá wo ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2018, ní Saint Petersburg nílẹ̀ Rọ́ṣíà. Nàìjíríà pàdé Argentina nínú Ife Àgbáyé. Ọ̀mì péré la nílò láti kọjá sí ìpele tó kàn. Messi gbá tiwọn wọlé, Victor Moses fi pẹ́náritì dá a padà. Wọ́n mú Ighalo wọlé ní ìlàjì kejì. Àyè ṣí sílẹ̀ fún un, bọ́ọ̀lù kò wọlé. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin kí àkókò pé, Marcos Rojo gbá gólì kejì wọlé fún Argentina. Ó di 2-1, a sì palẹ̀ mọ́ wálé.

Kí ló tẹ̀lé e? Inú bí àwọn ènìyàn, ìyẹn kò burú. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró síbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ ikú sí òun àti ẹbí rẹ̀. Wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ìyàwó àti àwọn ọmọ tí kò wọ bàtà bọ́ọ̀lù rí! Ta ló gbá bọ́ọ̀lù síta? Ṣé ìyàwó ni àbí ọmọ?

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni bí a ṣe gbàgbé nǹkan kíá. Samson Siasia, ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan náà yìí, gbá gólì wọlé Argentina lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹfà 1994 ní Amẹ́ríkà. Caniggia sì gbá méjì wọlé fún wọn, 2-1 ni wọ́n fi lù wá. Ọdún 24 ló wà láàárín méjèèjì, iye gólì kan náà ni. Argentina ti ń lù wá kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣépè fún Ighalo. Ẹrù tí odidi orílẹ̀-èdè kò rí sọ̀ fún ọdún 24, a wá gbé e ka orí ẹnì kan ṣoṣo ní ìlàjì eré. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Kò pẹ́ kò jìnnà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti pegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ 2019 dé. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, Ighalo gbá ọ̀kan wọlé Seychelles. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹwàá, ó gbá mẹ́ta wọlé Libya ní Uyo. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó tún gbá méjì wọlé Libya ní ìlú Sfax nílẹ̀ Tùnísíà. Ní oṣù Kẹta 2019, ó fi ọ̀kan kún un fún Seychelles ní Asaba. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ méje, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn ní gbogbo Áfíríkà tó gbá tó bẹ́ẹ̀ wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà.

Háà! Ẹni tí wọ́n ń ṣépè fún ní oṣù Kẹfà, nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ó ti di “Ighalo wa.” Nínú ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọkanáísà, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, òun ni wọ́n ń pè. Àwọn kan tilẹ̀ ti gba ife náà wálé láti orí àga onírọ́bà tí wọ́n jókòó sí. Ẹni tí kò lè gbé eèrà ń kùsà sérin.

Nígbà tí ìdíje náà dé ní Íjíbítì, Ighalo gbá márùn-ún wọlé: ọ̀kan fún Burundi, méjì fún Cameroon, ọ̀kan fún Algeria, ọ̀kan fún Tùnísíà. Òun ló gba ẹ̀bùn ẹni tí gólì rẹ̀ pọ̀ jù. Síbẹ̀, ipò kẹta ni Nàìjíríà ṣe, nítorí pé Riyad Mahrez ti Algeria gbá fíríkíìkì kan wọlé wa nígbà tí rẹfiríì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọn fèrè ìkẹyìn. Ṣé ẹ wá rí i? Fọ́ọ̀mù Ighalo kò já a kulẹ̀, síbẹ̀ ife kò wálé. Ohun tí fọ́ọ̀mù lè ṣe ní ààlà.

Bí ẹ bá rò pé àwáwí ni mò ń ṣe fún agbábọ́ọ̀lù, ẹ wo eré gọ́ọ̀fù, eré tí àwọn olówó ń gbá ní Ìkòyí, lódìkejì omi sí wa. Nínú ìdíje ńlá, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbá a, ihò 72. Olúkúlùkù ló ń dá gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò já a gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì sí rẹfiríì tí yóò fún un ní káàdì pupa. Síbẹ̀ fọ́ọ̀mù kì í fọwọ́ síwèé fún ẹnikẹ́ni. Rory McIlroy, ará Àríwá Ireland, gba ìdíje ńlá rẹ̀ kẹrin ní oṣù Kẹjọ 2014. Láti ìgbà náà, bí oṣù Kẹrin bá ti ń bọ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á ní ara rẹ̀ ti yá, wọ́n á ní ìdíje Masters tí wọ́n ń gbá ní Augusta nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti di tirẹ̀ lọ́dún yìí. Ọwọ́ òfo ló ń gbé bọ̀. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 2025 ló tó rí i gbà. Tiger Woods pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀, láti 2008 títí di oṣù Kẹrin 2019 kò gba ìdíje ńlá kankan. Bí ẹni tó ń dá gbá kò bá lè ṣèlérí, báwo wá ni ẹni tó nílò àwọn mẹ́wàá mìíràn láti gbé bọ́ọ̀lù fún un yóò ṣe lè ṣèlérí?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní èébú yẹn ló tún Ighalo ṣe, pé bí a kò bá bú u lẹ́yìn Rọ́ṣíà, kò ní gbá gólì méje wọlé. Irọ́ ńlá ni. Gernot Rohr, ará Jámánì tó jẹ́ kóòṣì wa nígbà náà, ló dúró tì í tó sì tún ń pè é sínú ẹgbẹ́. Bí èébú bá ń di gólì, ta ni a tún bú tó Yakubu Aiyegbeni? Bọ́ọ̀lù tó gbá síta níwájú àwọ̀n òfìfo ní Durban, nígbà tí a kojú South Korea lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà 2010, títí dòní wọ́n ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kì í rántí pé lọ́jọ́ kan náà ló gbá pẹ́náritì wọlé fún wa. Nínú ìdíje yẹn náà, wọ́n lé Sani Kaita jáde nígbà tí a kojú Gíríìsì, wọ́n sì ránṣẹ́ ikú sí òun náà. Ní oṣù Kejì 2024, lẹ́yìn tí Ivory Coast lù wá 2-1 ní àṣekágbá, Alex Iwobi ni wọ́n yí dà sí, débi pé ó pa àwọn àwòrán rẹ̀ rẹ́ lórí Instagram. Èwo nínú èyí ló fi ife kan ṣoṣo kún àpótí wa?

Ighalo ńkọ́? Bí ìdíje Íjíbítì ti parí, ó ní òun kò gbá fún Nàìjíríà mọ́. Ọmọ 30 ọdún ni, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì wà lójú ọ̀run. Mi ò sọ pé èébú nìkan ló lé e lọ, ó sì tún padà wá fún ìgbà díẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ẹni tí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kí ni yóò tún máa dúró ṣe?

Àwọn mìíràn á ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó ńlá ni wọ́n ń gbà, kí wọ́n gba èébú mọ́ ọn.” Owó ta ni? Owó tí wọ́n san fún un ní Watford àti ní Ṣáínà kò jáde látinú àpò ẹnikẹ́ni ní Ajégúnlẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, òun ló mú nínú tirẹ̀ kọ́ ilé fún àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Ìjẹ̀gùn, níhìn-ín ní Èkó, wọ́n sì ṣí i ní 2017. Bí bíríkìlà bá mọ ògiri tó wọ́, a ó ní kó wó o kó tún un mọ. A kì í lọ halẹ̀ ikú mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ohùn wọn ń ga jù, tẹ́tẹ́ ni wọ́n ta. Wọ́n ti fi owó oúnjẹ lé e pé Ighalo yóò gbá gólì wọlé, kò gbá a wọlé, owó wọgbó. Èwo ni ti agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀? Òun kọ́ ló ní kó o ta á. Ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ kó gba àdánù rẹ̀ bí ọkùnrin.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nínú Ife Àgbáyé 1994 tí Siasia gbá, Andrés Escobar, ará Colombia, ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n àwọn tirẹ̀ lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà. Lọ́jọ́ 2 oṣù Keje, wọ́n yìnbọn pa á ní ìlú rẹ̀, Medellín. Ẹni ọdún 27 ni. Ọ̀rọ̀ burúkú kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ló máa ń la ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ pa á.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ajégúnlẹ̀ ju ibòmíràn lọ kò farasin. Àdúgbò tí Íjọ̀, Ìgbò, Ùròbò, Ẹdó, Haúsá àti Yorùbá ti jọ ń gbé ni. Bọ́ọ̀lù sì wà lára ohun díẹ̀ tí gbogbo wa fi ń yangàn. Ẹ gba Maracana kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù, tí olúkúlùkù ń pe ara rẹ̀ ní Ighalo. Ní January 2020, nígbà tí Ighalo di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ Manchester United, ìyà kankan kò tún dun àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́jọ́ náà. Etí wọn ni a ń ṣépè sí. Wọ́n ń gbọ́ pé bí wọ́n bá dé ibi tó dé, tí wọ́n sì ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, àwa ará ilé ni a ó kọ́kọ́ ju òkò.

Nítorí náà, ìdíje ńlá mìíràn tó bá ń bọ̀, ẹ tẹ̀lé agbábọ́ọ̀lù yín bó ṣe wù yín. Ẹ ka gólì rẹ̀, ẹ jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí kò bá ṣe dáadáa, ẹ sọ ọ́: ẹ ní ó pẹ́ kó tó gbá a, ẹ ní kò wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ní kí kóòṣì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò sí lórí pápá. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un, kí ẹ sì fi ọ̀nà ìta hàn án. Owó ẹnì kan kò tó ohun tí ẹ ó fi ba àwọn ọmọdé tó jókòó síwájú jẹ́.