Ṣé Ó Yẹ Kí Onígbàgbọ́ Máa Wa “Evil Spirit”?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará máa ń bi ara wọn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rín, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìbẹ̀rù: ṣé ọmọ Ọlọ́run lè ra Honda tí àwọn ènìyàn ń pè ní “Evil Spirit”, kí ó sì gbé e wá sí ilé Ọlọ́run fún àdúrà ìyàsímímọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Accord ni orúkọ tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìrẹ́pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Honda, tí Soichiro Honda dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1948, ti fi alùpùpù gba òkìkí kí ó tó máa ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Accord àkọ́kọ́ jáde ní 1976. Ó kéré, gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mítà 4, ìlẹ̀kùn méjì péré ni èrò sì ń gbà wọlé. Ní 1977 ni onílẹ̀kùn mẹ́rin dé, èyí tó rọ bàbá, ìyá àti ọmọ lọ́rùn.

Ìran kejì dé ní 1981. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlú Marysville, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di 1989, Accord ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n rà jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò sí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ìran karùn-ún, tí ó jáde ní 1993, gbé àpò afẹ́fẹ́ tí a mọ̀ sí airbag wá fún awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Ìran keje, ti 2002, ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní “End of Discussion”. Ìran kẹjọ, ti 2007, ni “Evil Spirit”. Ó ti gùn tó mítà 5 ku díẹ̀, ó sì ní ẹ̀rọ tó máa ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ lójú ọ̀nà. Lónìí, Accord ti pé ìran mọ́kànlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ìnagijẹ inú ọjà kò lè sọ irin di ẹ̀mí èṣù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú púpọ̀ nínú àwọn Accord tí wọ́n ṣe láàrin 2001 sí 2012, tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ju orúkọ lọ. Àpò afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe ni. Oògùn tó ń fẹ́ àpò náà máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, agolo irin tó wà nínú rẹ̀ lè fọ́, kí àfọ́kù rẹ̀ sì fò lu ẹni tó yẹ kí ó gbà là. Ó ti pa ènìyàn tó lé ní 20 ní Amẹ́ríkà. Bí a ti mọ ooru àti òjò ilẹ̀ wa tó, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Láti 2008 ni Honda ti ń pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ àpò náà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n èyí tó ti di tòkunbọ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe lè wà ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ẹ mú nọ́ḿbà ṣáṣì ọkọ̀ yín, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17, lọ bá àwọn aṣojú Honda, tàbí kí ẹ ní kí àwọn ọmọ fi í wádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi àpò tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àtijọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ tún wo iná tí wọ́n kọ SRS sí níwájú awakọ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí ó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ àpò náà kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ yín. Bí ó bá sì tàn tí kò kú, àléébù wà nínú ẹ̀rọ náà. Kí gbogbo ènìyàn de bẹ́líìtì, kí àwọn ọmọdé sì jókòó sí ẹ̀yìn.

Kí a tó yá owó láti ti ìran kan bọ́ sí òmíràn nítorí pé arákùnrin kan gbé tuntun wá sí ọgbà ìjọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú sítíárìn èyí tí a ní. Àdúrà ìyàsímímọ́ dára, a ó sì máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbàdúrà tán ní láti yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú.

A ó máa lọ ire, a ó máa bọ̀ ire, ní orúkọ Jésù. Àmín.