Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Sàráà Orúnkún



Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Odòde, nísàlẹ̀ àwọn àpáta Ìdànrè, kò ní í pẹ́ kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó bá ń fi èémí rẹ̀ ṣe tásíbíù bó ti ń gòkè, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọkàn ń rántí Ọlọ́run.

Ànábì wa kọ́ wa pé gbogbo oríkèé ara ló jẹ sàráà lójoojúmọ́, àti pé ìgbésẹ̀ tí a gbé lọ síbi ìrun, sàráà ni. Bóyá títẹ kẹ̀kẹ́ wà lára ìgbésẹ̀ yẹn, ẹ bi àwọn àlùfáà. Ṣùgbọ́n orúnkún tí ọ̀kadà ń gbé kiri láti àárọ̀ dalẹ́, rúkúù yóò le fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń tijú kẹ̀kẹ́, ẹ gbọ́ ti Mamadou Safayou Barry, ará Guinea. Lọ́dún 2023, ó gun kẹ̀kẹ́ dé Chad nítorí ẹ̀kọ́ Al-Azhar, wọ́n tì í mọ́lé lọ́nà, kò padà. Àwọn olóore ló fi bàlúù gbé e dé Íjíbítì, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó gun tiyín lọ kí Jímọ̀, ẹ yẹ bíréèkì wò. Ibi tí a gùn, a óò sọ̀ ọ́.