Asofẹ́yẹjẹ Kì í Ṣe Àgbo Àmuyó

Ọ̀rọ̀ ewé àti egbò ni mo gbé wá, inú sì ń bí mi díẹ̀ bí mo ti ń kọ ọ́.

Láti Okokomaiko títí dé Ìyànà-Ìba, àwọn alágbo kò wọ́n: àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́ náà ń rà á mu. Bí ènìyàn bá béèrè ohun tó wà nínú ìgò, ìdáhùn tí a sábà ń gbọ́ ni pé, "Ewé lásán ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Ìdáhùn yìí ni mo ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a mú asofẹ́yẹjẹ yẹ̀ wò. Gbólóhùn ni orúkọ rẹ̀: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ. Ẹyẹ ni àwọn baba wa dárúkọ, wọn kò dárúkọ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Rauvolfia vomitoria, èébì ni apá kejì orúkọ náà sì ń tọ́ka sí. Egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà reserpine láti ara ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Èròjà kan náà wà nínú egbò tiwa. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà, tẹ àpilẹ̀kọ jáde nípa bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń lo egbò yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn baba wa kò mọ nǹkan kan, irọ́ ló pa.

Ṣùgbọ́n agbára tó fi ń wo ènìyàn náà ló fi lè ṣe ènìyàn léṣe. Reserpine ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ó lè mú kí ọkàn máa lù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí imú dí, kí oorun máa kun ènìyàn, kí ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá sì bò ó. Hóró oògùn tí a fi ṣe kì í sábà ju 0.1 tàbí 0.25 mílígíráàmù lọ. Bí egbò náà bá wà nínú àgbo, ta ló wọn ti inú ife? Bí ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún mu ún, ó lè dákú. Bí a bá sì fi ògógóró rẹ ẹ́ ní paraga, ọtí àti egbò ni yóò jọ máa kun ènìyàn lóorun. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún sọ fún mi pé ọtí ló ń "gbé oògùn ṣiṣẹ́".)

Àwọn mìíràn ní kí ìjọba kúkú lé gbogbo alágbo kúrò lójú títì. N kò bá wọn lọ. Kọ̀rọ̀ ni wọn yóò ti máa tà á, a kò sì ní mọ ohun tí a ń mu rárá.

Yunifásítì wà ní Ọ̀jọ́, àwọn alágbo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kí àwọn tó ń kọ́ nípa ewéko lọ gba egbò lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n wọn èròjà inú rẹ̀. Kí àwọn tó ń kọ́ èdè Yorùbá bá wọn lọ, nítorí orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé méjì láti ìlú kan sí èkejì. Pierre Verger kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé rẹ̀, Ewé, ní 1995. Kí ló dé tí àwa kò lè ṣe ti Ìba àti Okokomaiko? Títí dìgbà náà, alágbo tí kò bá lè dárúkọ egbò inú ìgò rẹ̀, n kò ní rà á lọ́wọ́ rẹ̀.