Bí Ọyẹ́ Bá Dé, Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Ṣọ́ Kámẹ́rà

Ní Collines níbí, ní Ṣábẹ, tí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn òkè ìlú wa kì í hàn kedere mọ́ láàárọ̀. Eruku á bò wọ́n. Eruku yìí kan náà ló ń wọ inú kámẹ́rà, òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni ọyẹ́ ń jà. Ìgbà yẹn náà ni ìnáwó ń pọ̀: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ọdún, àwọn ọmọ tó wálé láti ìdálẹ̀. Nígbà ọyẹ́ kan, a wà níbi òkú àgbà. Onífọ́tò fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ńsì, àwọn ọmọ olóòkú ń pariwo pé kó yára. Ó ṣí kámẹ́rà ní gbangba, nínú atẹ́gùn. Nígbà tí fọ́tò jáde, àmì dúdú wà lára gbogbo wọn. Wọ́n bú u títí. Àwa ò bá wọn bú u, nítorí ìṣojú wa ni. Ta ló fún un láyè kó wọlé?

Èrò tiwa nìyí: ìtọ́jú kámẹ́rà kì í ṣe ti onífọ́tò nìkan. Ẹni tó pè é síṣẹ́ náà ní ipa tirẹ̀.

Eruku ọyẹ́ ti ọ̀nà jíjìn wá, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá agbègbè Bodélé ní Chad. Ó kúnná bí ìyẹ̀fun, yanrìn sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi etí aṣọ nu lẹ́ńsì, yanrìn ló fi ń ha á. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Rọ́bà kékeré tí a máa ń tẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, kó tó kan aṣọ. Inú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ ni ká ti pààrọ̀ lẹ́ńsì, kí ẹnu kámẹ́rà kọjú sílẹ̀. Bí kò bá sí ilé nítòsí, ẹ wọ inú ọkọ̀.

Àwọn ará wa tó wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, yìnyín ni tiwọn. Bátìrì kì í pẹ́ tán nínú òtútù, nítorí náà, àpò inú ẹ̀wù ni kí wọ́n fi èyí tó kù sí, kó lè máa móoru. Bí kámẹ́rà tó tutù bá wọ ilé tó gbóná, á làágùn, omi sì lè wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n má sì tú u títí yóò fi móoru bíi yàrá. Ẹ má rò pé èyí ò kàn wá nílé. Kámẹ́rà tó sun yàrá amúlétutù ní Kòtònú, á làágùn bákan náà tí a bá gbé e bọ́ sínú ooru. Ọ̀rá yẹn náà ni oògùn rẹ̀.

Kí ló dé tá a fi ń yọ ara wa lẹ́nu tó báyìí? Fọ́tò kan lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ìdílé ní lára bàbá wọn. Olóògbé Joseph Moïse Agbodjelou (1912–2000) ya fọ́tò àwọn ará Àjàṣẹ́. Lónìí, a ṣì ń rí ojú wọn àti ìmúra wọn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò fi àwa náà han àwọn ọmọ-ọmọ wa?

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìnáwó lọ́wọ́ nínú ọyẹ́ yìí, ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún onífọ́tò. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má lé e lérè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lẹ́ńsì ni ojú tí àwọn ọmọ wa yóò fi rí wa, ẹ jẹ́ ká jọ ṣọ́ ọ.

Lọ́dọ̀ tiyín ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ọyẹ́ á tù wá lára o.