Ta Ni Yóò Ka Ayú Inú Odò Ọya?

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, àwa tí a wà ní Ogui, ní ìlú Enugu, ni a ń bá yín sọ̀rọ̀. 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹranko inú omi ni. Ẹranko náà ni èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní ayú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jẹ́bà, Lọ́kọ́ja, Yelwa àti Makurdi mọ̀ ọ́n jù wá lọ; odò Asata tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín kò jìn tó èyí tí ayú lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní màmíwọtà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iwin. Ẹran tí ó ń fún ọmọ lọ́mú ni, koríko ni oúnjẹ rẹ̀ jù, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí lẹ́yìn oyún tí ó tó ọdún kan. Bí a bá pa abo kan, kì í ṣe ọ̀la ni a óò rí arọ́pò rẹ̀.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985 dáàbò bò ó. Ní 2013, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Bangkok, wọ́n sì fi òfin de òwò rẹ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Òfin wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka ayú Odò Ọya tán rí.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní Scotland. Ẹranko òkun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní seal. Ní oṣù August, nígbà tí ó bá ń pa irun dà, orí àpáta etí òkun ni ó máa ń sùn sí. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì St Andrews a wọ ọkọ̀ òfúrufú, wọn a fi kámẹ́rà tí ó ń rí ooru ara ya wọ́n, wọn a sì kà wọ́n. Nítorí àwọn tí ó wà nínú omi, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ irun àwọn díẹ̀, kí ó lè sọ ibi tí wọ́n ń jẹ̀ dé. Bí irun bá bọ́, ẹ̀rọ náà a bọ́. Nígbà tí àrùn pa wọ́n ní 1988, tí ó lé ní 18,000 tí ó kú ní àyíká Òkun Àríwá, àwọn tí ó ti ń kà wọ́n tẹ́lẹ̀ mọ bí àdánù náà ti tó.

Ayú kò ní gbà bẹ́ẹ̀ fún wa. Kì í gun òkè, omi wa dúdú, imú nìkan ni ó ń yọ láti mí, òru ni ó sì fẹ́ràn. Kí ni ọkọ̀ òfúrufú fẹ́ rí? Apẹja ni ó mọ ibi tí koríko etí odò ti gé, àti ibi tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti léfòó. Ìsédò Kainji ti ọdún 1968 àti ti Jẹ́bà tí ó tẹ̀ lé e sì ti pín odò sí méjì-mẹ́ta, tí ayú òkè kò lè dé ọ̀dọ̀ ti ìsàlẹ̀ mọ́.

Ní ìpàdé wa, ẹnìkan ní kí ni ti àlejò nínú èyí. Àwa àlejò gan-an ni ó yẹ kí a mọ iyì kíkà! Wọ́n ka ènìyàn ní 1962, wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún kà á ní 1963, ariwo kò tán. Ẹni tí a kò kà, ta ni yóò kọ́ ilé ìwé fún un?

Apẹja tí ó ń wá ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀ kọ́ ni a ń bá wí. Àwọn ará wa tí ó ń fi owó síwájú kí wọ́n lè gba ẹran àti òróró rẹ̀ ni a ń bá wí, wọ́n sì mọ ara wọn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí ó wà létí odò ra ìwé kan, kí wọ́n máa kọ ọjọ́, ibi, iye, àti bóyá òkú ni tàbí ààyè. Kí akọ̀wé pa ìwé náà mọ́ dáadáa, kí ọdẹ má baà fi ṣe amọ̀nà, kí ó sì mú un lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ Ọgbà Ẹranko Kainji. Ẹ̀ka tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà sí wa ní Ogui.